Ẹ Fi Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sílẹ̀ fún Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí yín lẹ́ẹ̀kan náà, torí mi ò mọ ìgbà tí Àǹtí Aránṣọ máa ráyè fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó tó ka ìwé yìí sí yín létí. Ara ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Ara tèmi le, àfi apá tó ń ro mí láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ṣá, iṣẹ́ ni.

Ẹ sọ nínú lẹ́tà tó kọjá pé ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, pé ìdí tí Àǹtí fi ń bá yín kọ̀wé nìyẹn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò wá lè fi kálàmù fa ìlà kan ṣoṣo sísàlẹ̀ ìwé, kí n rí i pé ìka yín kàn án? Kó wọ́ o, kó dúró o, màá mọ̀ pé tiyín ni.

Ilé ìyá àgbà kan tó ti kú la ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà á. Gbogbo ògiri inú rẹ̀ ló rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà kan, ohun tó wu àwọn ará ibí nìyẹn. Ní báyìí, wọn ò fẹ́ rí i sójú mọ́, èmi ni wọ́n sì ń pè kí n sọ ọ́ di pẹrẹsẹ. Màá fi omi rin ín, màá fi irin ha gbogbo ibi tó yọ gọngọ, màá wá fi àpòpọ̀ funfun rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, màá dúró kó gbẹ, màá tún un rẹ́. Ìrẹ́ tó kẹ́yìn kì í ṣe láti bo nǹkan, ẹwà nìkan ló wà fún. Ẹfun tó kúnná bí àtíkè ni, tí wọ́n lọ òkúta mọ́. Bí a bá ti ń fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni á máa dán, títí á fi dà bí ẹni pé omi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìda oyin la fi ń parí rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ̀ẹ́ rò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun ni.

Mo fi àwòrán ògiri méjì tí mo rẹ́ sínú ìwé yìí. Ọ̀kan rí bí òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, èkejì rí bí èèpo ẹyin. Èwo ló wù yín jù? Mo ní ìdí tí mo fi ń bi yín. Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa tá à ń pè ní Dídán, torí kò sí ohun tó fọwọ́ kàn tí kì í dán. Ó ń padà sílé pátápátá, ìlú wa náà ló ti wá. Mo rántí bí Bàbá mi ṣe ń fi ìgbálẹ̀ fọ́n símẹ́ǹtì sára ògiri ilé wa, tí símẹ́ǹtì náà ń ta kiri. Mo rántí bí ògiri náà ṣe bó mi nígbọ̀nwọ́ nígbà tí mo ń sáré kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi, ilé yẹn ti tó sọ di ẹlẹ́wà, Dídán lè bá wa ṣe é.

Ẹ kí Àǹtí Aránṣọ fún mi. Ẹ ní kó má fi ẹ̀rọ rẹ̀ rán ìka mọ́ aṣọ oníbàárà.

Èmi ni, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi dùn. Ara mi le. Orúnkún ń ṣe bí orúnkún àgbà ṣe ń ṣe, bí ó ti ń dùn mí ló tún ń gbé mi rìn. Aránṣọ ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò tíì rán ìka mọ́ aṣọ ẹnikẹ́ni, pé ìwọ tí o fi nǹkan funfun kun irun ara rẹ nínú àwòrán ọjọ́sí ni kó o ṣọ́ra.

Àwọn àwòrán náà dé. Méjèèjì dára. Ọwọ́ rẹ mọ́ṣẹ́.

Ní ti ògiri ilé, fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kò sì tíì ya lójú kan láti ọjọ́ yìí. Ṣé ó bá ẹ jà ni? Ìgbọ̀nwọ́ tó bó ti jinná. Bí o bá fẹ́ ṣe mí lóore, sinmi apá rẹ tó ń ro ẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fọwọ́ kan ògiri mi. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbájú mọ́ ni ìwé ìgbélùú rẹ. Àwọn tó ń bá ẹ ṣe é ńkọ́, kí ni wọ́n wí? Má tìtorí tèmi sọ pé o ń bọ̀ nílé o. Èmi ò ṣàìsàn, ebi ò pa mí. Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, wàá lè máa lọ, wàá lè máa bọ̀. Títí dìgbà náà, jókòó síbi tó o wà.

Ọwọ́ mi ò gbà mí láti fa ìlà. Má bínú.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dúpẹ́ pé ara yín le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí kí n tó sọ ohun tó kù. Mo fi àwòrán méjì ránṣẹ́, mo ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan. Ẹ ní méjèèjì dára. Ẹni tó ní méjèèjì dára, Ìyá mi, kò wo ìkankan nínú wọn. Ẹ ò tiẹ̀ béèrè pé ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú ìkejì. Èmi ni. Èmi ni mo dúró síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ lè rí i pé mo ti sanra díẹ̀.

Mo mọ̀ yín. Gbogbo ohun rere tí èèyàn bá fẹ́ ṣe fún yín lẹ máa ń kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ̀wù òtútù tí mo rà fún yín ńkọ́? Ẹ ní ó gbóná jù, ẹ ní kí n má rà á mọ́. Àǹtí Aránṣọ ló wá kọ ọ́ sí mi pé ẹ ò bọ́ ọ lọ́rùn láti ìgbà náà, àfi bó bá fẹ́ bá yín fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ògiri yìí máa rí.

Dídán ti gbéra. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹfun dání, a sì ti sọ̀rọ̀ tán lórí gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa san. Ẹ má lé e padà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ku ibì kan: pálọ̀, yàrá yín, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Níbí, bí mo bá parí ilé, àwọn onílé á wọlé, wọ́n á máa fọwọ́ pa ògiri, wọ́n á máa ṣe "áà, áà." Wọn ò mọ orúkọ mi. "Ọmọbìnrin tó ń rẹ́ ògiri" ni wọ́n ń pè mí. Mo ti sọ ilé àjòjì di dídán tí mi ò mọye rẹ̀ mọ́. Ilé kan ṣoṣo tí mo lè tọ́ka sí pé tèmi ni, ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ní ti ìwé ìgbélùú, wọ́n ní kí n ṣì máa retí. Lọ́yà ní mi ò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú títí wọ́n á fi pè mí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ẹni tó o rán wá ti dé kí ìwé rẹ tó dé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó kí mi dáadáa, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tó o rán an. Ohùn rẹ̀ ń dùn létí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní o ò fi iṣẹ́ rẹ ṣeré, pé àwọn ọkùnrin ibẹ̀ pàápàá ń bẹ̀rù ọwọ́ rẹ.

Ọ̀dọ̀ Aránṣọ ni mò ń gbé báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, torí eruku. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ha ògiri láti àárọ̀. Ó ń ró kùrù, kùrù, kùrù. Èèyàn á rò pé eku ńlá kan ló wà nínú ilé.

Mo pè é lánàá. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi fi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ilé yín á dà bí ẹni tó wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan." Mo ní, "Fi sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀." Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé nígbà tí mo bá rí i, màá dúpẹ́.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ìfẹ́ lo fi ṣe é, mo mọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìfẹ́ gbé dání kò lè máa pariwo pé ibi tí wọ́n ti di òun mú ń dun òun.

Mo rí ọ nínú àwòrán. O sanra lóòótọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé tuntun! Dídán fi àwòrán ránṣẹ́. Nígbà tí mo tú u, ṣe ni mo jókòó sílẹ̀. Ṣé ilé wa rèé? Ṣé pálọ̀ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rèé? Ó ti gbé e dán ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi mẹ́rin nínú àwọn àwòrán náà kọ́ sára ògiri yàrá mi, lókè ibùsùn. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá béèrè pé ilé olówó wo nìyẹn. Mo ní ilé ìyá mi ni.

Dídán ní ẹ ò tíì padà sínú ilé, pé ẹ ní kó gbẹ dáadáa ná. Ó ti gbẹ, Ìyá mi. Ẹ wọlé.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí oòrùn bá ti ojú fèrèsé pálọ̀ wọlé láàárọ̀, kí ló ń ṣe lára ògiri yẹn? Àwòrán kì í lè mú un. Níbí, mo máa ń rí i kó máa rìn lára iṣẹ́ mi bí ẹja ṣe ń rìn nínú omi. Ẹ dúró síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wò ó fún mi, kẹ́ ẹ sì ní kí Àǹtí kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ìyá mi,

Mo ti kọ̀wé, mo retí títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún fi káàdì ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ò lésì. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí ìwé wa, tí onílé fi ń bi mí bóyá ọkọ ló fẹ́ kọ̀wé sí mi.

Ṣé ẹ̀ ń bínú ni? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi. Ẹ sọ pé olórí kunkun ni mí, pé mo jọ Bàbá mi. Mo ti gbọ́ ọ rí, kò pa mí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣe ilé lóge fún ìyá rẹ̀, kí ìyá ọ̀hún fi ìdákẹ́jẹ́ san án fún un, mi ò rò ó sí yín. Ẹ ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí iṣẹ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀bùn a máa wò ó, ì báà jẹ́ fìrí.

Àbí ẹ̀ ń ṣàìsàn? Àǹtí Aránṣọ, bí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Èmi Aránṣọ ni mò ń kọ̀wé yìí fúnra mi. Màmá ò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Mo ti búra fún wọn, mo sì ti da ìbúra náà báyìí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Jókòó kó o tó kà á síwájú.

Màmá ò ríran mọ́. Ojú wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó o ti rìnrìn àjò. Ọ̀kan kọ́kọ́ kú, a rò pé èkejì á dúró. Ọdún tó kọjá ni ìyẹn náà kú. Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Kò sí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń bá mi bọ òwú sínú abẹ́rẹ́ nígbà tí ojú mi bá rẹ̀, ṣé ìyẹn ló ń gbọ̀n? Wọ́n ní bí o bá gbọ́, wàá fi ìwé ìgbélùú rẹ sílẹ̀, wàá sáré wálé, àwọn ará ibẹ̀ á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ lẹ́yìn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá wọn kọ irọ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé o sanra nínú àwòrán.

Ohun tí ìwọ ò mọ̀, tí Dídán ò mọ̀, ni pé ara ògiri yẹn ni Màmá fi ń rìn. Wọ́n á na ọwọ́ òsì, wọ́n á máa fi ìka pa á lọ. Bàbá yín fọ́n símẹ́ǹtì pálọ̀ nípọn, ó fọ́n ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wínníwínní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, símẹ́ǹtì náà kóra jọ bí koko, ó jọ pé ibẹ̀ ni apá ti rẹ bàbá yín. Níbi tí wọ́n ti ń yà sí ilé ìwẹ̀, ibì kan wà tí kò sí nǹkan kan, torí ìgbálẹ̀ bàbá yín ò dé ibẹ̀. Màmá mọ gbogbo rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ojú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń dá wẹ̀. Àlejò á wọlé, á jáde, kò ní mọ̀ pé ẹni tó gba òun lálejò ò rí òun.

Wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Wọ́n ń bẹ̀rù. Ìgbà tí ìwé rẹ dé pé kí wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ." Mo mú wọn dé pálọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sára ògiri, wọ́n pa á lọ, wọ́n tún pa á bọ̀. Wọ́n dúró.

Wọ́n ní, "Aránṣọ, wọ́n ti kó ilé mi lọ."

Mo ní, "Màmá, inú ilé yín rèé. Inú rẹ̀ lẹ wà yìí."

Wọ́n ní, "Rárá. Wọ́n ti kó o lọ."

Mo bá wọn sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Mò ń mú wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fa ọwọ́ yọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà pè mí síwájú. Màmá dìde, wọ́n fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀. Ibi gbogbo dán bákan náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí. Wọ́n já sórí àtẹ̀gùn tó lọ sí àgbàlá. Mo gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé garawa ló ṣubú.

Egungun ìbàdí ló kán. Wọ́n ti kúrò ní ọsibítù, wọ́n ti dé ilé. Dókítà sọ pé wọn ò ní lè dá rìn mọ́. Mo ka ìbéèrè rẹ nípa oòrùn sí wọn létí lórí ibùsùn. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sí i pé ó dára." Mo mú kálàmù, mi ò lè kọ ọ́. Ìdí tó ò fi rí èsì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Aránṣọ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Àǹtí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ẹ má bá a jà.

Láti ìgbà tí mo ti kà á, mi ò mọ bí mo ṣe ń dé ibi iṣẹ́. Lánàá, ọ̀gá wa fi mí sínú yàrá kan tí ògiri rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Mo gbé irin, mo fẹ́ ha á, ọwọ́ mi ò ṣe é. Mo di ojú, mo na ọwọ́ òsì, mo ń pa á lọ. Ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́. Mo bá igun kan pàdé tí mi ò lè fi ojú rí láé. Ọ̀gá wọlé bá mi, ó ní ṣé orí ń fọ́ mi ni.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Mi ò fi bú yín. Ṣùgbọ́n mo béèrè, Ìyá mi, mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ọwọ́ ń gbọ̀n. Ẹ ní ẹ rí mi nínú àwòrán. Bí ẹ bá ti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ara ògiri yìí ni mo fi ń ríran," ṣé mi ò ní dá Dídán padà ni? Ẹ̀ ń dáàbò bò mí, èmi náà ń ṣe yín lóge, àwa méjèèjì la jọ tì yín lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Rárá. Èmi ni. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ bẹ̀ mí.

Mo ti já àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára ògiri.

Mo ti kọ̀wé sí Dídán. Mo ní kó mú irin eléyín, kó fa ìlà jíjìn sára ògiri láti ẹnu ibùsùn yín dé ilé ìwẹ̀, kó fa méjì dé ilé ìdáná, ní ibi tí ọwọ́ yín bá dé. Kó má wo ẹwà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹ dákun. Bí egungun bá jinná, ẹ̀ẹ́ rí ọ̀nà.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Aránṣọ ló ń kọ ọ́, ó sì ń sunkún bó ṣe ń kọ ọ́. Mo ní kó ṣọ́ra kí omi má pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́.

Dídán wá. Kì í ṣe irin eléyín nìkan ló mú dání, ó mú òòlù wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n fọ́ gbogbo rẹ̀." Mo ní, "Bí o bá fọ́ ọ, ṣé o mọ bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe fọ́n ọn?" Ó gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní kó kàn fa ìlà tó o ní kó fà.

Ó fà á. Wọ́n gbé mi sórí àga, òun ní ẹ̀yìn, Aránṣọ níwájú, wọ́n gbé mi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè fọwọ́ kàn án. Mo kàn án. Ó dà bí ibi tí ẹnì kan ti fi èékánná ha nǹkan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé mi dé, àfi ìgbà tí Aránṣọ sọ fún mi.

Egungun ò jinná bó ṣe yẹ. Pálọ̀ ni ibùsùn mi wà báyìí. Mi ò ní dé ilé ìwẹ̀ mọ́, ilé ìwẹ̀ ló ń wá bá mi nínú ike. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ojú mi kọ́kọ́ lọ, kò tó báyìí. Mo ṣì ní ilé. Mo máa ń dìde láàárọ̀, màá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, màá sọ fún bàbá rẹ pé, "O kú iṣẹ́," torí ibi tí ọwọ́ mi wà ni ọwọ́ tirẹ̀ ti wà rí. Ní báyìí, ibùsùn yìí wà láàárín nǹkan kan tó fẹ̀, tí mi ò mọ ibi tó parí sí. Bí Aránṣọ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ilé ni mo wà.

Mi ò bínú sí ẹ. Gbọ́ ọ dáadáa: mi ò bínú. Èmi ni mo pa ẹnu mọ́.

Láti ọjọ́ tó o ti lọ, ohun tí mò ń sọ fún ẹ ni pé kó o jókòó síbẹ̀, kó o má wá. Mo sọ ọ́ títí ó fi di orin. Mo fẹ́ yí i padà báyìí. Wá, Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mi ò ní béèrè nǹkan míì. Wá kí n fọwọ́ kàn ẹ́ lójú, kí n mọ̀ bóyá o sanra lóòótọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá

Ìyá mi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń fà á ya. Ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tí ìwé yín dé ni mo di ẹrù mi. Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá mi ń pè mí." Ó ní òun náà ní ìyá. Ó ní bí mo bá jáde, ọ̀rọ̀ ìwé mi kú nìyẹn, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́ láé. Ó ní bóyá ní ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á pè mí, ó ní bóyá. Mo jókòó sórí àpò náà nínú ọgbà wọn títí tí ẹ̀ṣọ́ fi ní kí n dìde.

Ìyá mi, bí mo bá wá, ọwọ́ òfìfo ni màá fi wá. Iṣẹ́ ò sí nílé fún mi, ẹ mọ̀. Ta ni á máa ra egbòogi? Ta ni á máa fún obìnrin tó ń wá wẹ̀ yín ní nǹkan? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò sí apá ibi tí mo yí i sí tí kò gún mi.

Mi ò fẹ́ pa irọ́ fún yín. Irọ́ tí a ti pa fún ara wa ti tó. Mi ò lè wá báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yí yín sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀yìn yín má bàa ya. Ẹ dúró dè mí.

Mo padà síbi iṣẹ́. Ilé tuntun kan ni, ògiri rẹ̀ burú ju ti gbogbo ìyókù lọ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ìwé rẹ dé. Aránṣọ kà á fún mi láàárọ̀, ó tún kà á lọ́sàn-án. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òótọ́ lo sọ, mo dúpẹ́ pé òótọ́ ni.

Mò ń jẹun díẹ̀. Ọwọ́ obìnrin tó ń wẹ̀ mí tutù, ṣùgbọ́n kò le. Àwọn tó ń wá kí mi ń yin ilé náà. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní "áà, áà," bó o ṣe sọ pé àwọn tibẹ̀ ń ṣe. Èmi náà á ní ọmọ mi ló ṣe é. Mi ò sọ nǹkan míì fún wọn.

Má fi apá rẹ ṣiṣẹ́ jù.

Nígbà tí Aránṣọ ka ìwé rẹ dé ibi tó o ti ní o padà síbi iṣẹ́, ó dákẹ́. Mo ní kó máa kà á lọ. Ó ní ó ti tán. Mo rò pé ojú ewé kan ṣì kù, níbi tó o ti sọ ọjọ́ tí wàá wá. Mo ní kó wo inú àpò ìwé náà dáadáa, bóyá ó há síbẹ̀. Ó wò ó. Mo ní kó yí ìwé náà padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá rẹ.